Ogunde ò dákẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ná.

1. Mo ṣe skit lórí ọ̀nà tó bàjẹ́ ní Aramọkọ. Kílẹ̀ tó ṣú, bùrọ̀dá kan ti pe màámi: "Ẹ ní kó yọ ọ́ kúrò o." Àyà mi já.

2. Mo wá rántí Hubert Ogunde. Ní 1964, ó ṣe eré Yorùbá Ronú lórí ìjà àwọn olóṣèlú wa. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn ò lè ṣeré n'Íjerò, wọn ò lè ṣeré l'Ẹ́fọ̀n.

3. Ṣé ó dákẹ́? Rárá o. Ó tún gbé Òtítọ́ Korò jáde.

4. Ní 1966, Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ló mú òfin yẹn kúrò.

5. Màámi ṣì ń bínú sí mi. Àmọ́ ọ̀nà yẹn ṣì wà bó ṣe wà. Skit mi náà ò kúrò níbẹ̀.