Láti Ẹ̀yìnkùlé Bàrígà Dé Ilé Iná Òkun: Ìrìn Ẹsẹ̀ Tó Yẹ Kí Ará Ṣómólú Rìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ọ̀pọ̀ ará Ṣómólú àti Bàrígà ló ti rìn jìnnà lóòótọ́. Ìyá aláṣọ ti dé Kútọnu, ìyá alátà ti dé Kánò, àwọn mìíràn ti dé Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé ibo ni omi ọ̀sà tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ń gbà dé òkun, ẹ ó rí i pé kẹ́kẹ́ á pa. Wọ́n ń gbóòórùn omi náà láàárọ̀, wọ́n ń jẹ ẹja inú rẹ̀ lálẹ́, síbẹ̀ wọn ò mọ ibi tó ń lọ.

Ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń mọ irú ìyẹn. Ìdí nìyí tí ìrìn àfẹsẹ̀rìn fi di ohun tí àwọn èèyàn ń fi ìsinmi wọn ṣe káàkiri ayé, tí wọ́n sì máa ń fi ilé iná òkun ṣe ibùdó. Ilé iná òkun ni ilé gogoro tó ń tan iná lóru, kí ọkọ̀ ojú omi lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà, kó má baà forí sọ òkúta tàbí kó há sínú iyanrìn. Ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Scotland tí wọ́n ń pè ní Rua Reidh. Ọdún 1912 ni wọ́n kọ́kọ́ tan iná rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1986, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú iná náà, ni wọ́n bá sọ ilé tí wọ́n ń gbé di ilé àlejò. Nígbà kan, àwọn èèyàn máa ń kóra jọ níwọ̀nba, wọ́n á sùn síbẹ̀, afinimọ̀nà á sì kó wọn rìn létí òkun àti lórí òkè.

Ẹ má sọ pé ti Òyìnbó nìyẹn o. Ní Ghana tó wà nítòsí wa yìí, ní àdúgbò Jamestown nílùú Àkírà, ilé iná òkun kan wà níbẹ̀. Ọdún 1871 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ti àkọ́kọ́. Èyí tó dúró níbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 28. Àwọn ọmọ àdúgbò náà ló ń mú àlejò kiri. Wọ́n á fi ilé iná hàn wọ́n, wọ́n á mú wọn dé etí omi lọ́dọ̀ àwọn apẹja, wọ́n á mú wọn dé ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, wọ́n á sì fi James Fort hàn wọ́n, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti Kwame Nkrumah mọ́ ní ọdún 1950 kó tó wá di olórí ìjọba. Jamestown kì í ṣe àdúgbò olówó. Bí Bàrígà gẹ́lẹ́ ló rí: ilé há mọ́ra, ọmọdé pọ̀, èéfín ẹja gba ojú ọ̀run. Síbẹ̀, àlejò ń lọ, owó sì ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ àdúgbò.

Ti Èkó ńkọ́? Èkó náà ní tirẹ̀, ní apá ìwọ̀-oòrùn ẹnu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe etíkun ibẹ̀ ní Lighthouse Beach. Tarkwa Bay, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ibi ìgbafẹ́, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ILÉ LÓ YẸ KÍ ÌRÌN TI BẸ̀RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni mẹ́fà ṣe àpẹẹrẹ: ìyá ẹlẹ́ja kan, ìyá aláṣọ kan, télọ̀ kan, atẹ̀wé kan, mẹkáníìkì kan àti ọmọ iléèwé kan. Ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Bí èrò bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di òde àríyá nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí afinimọ̀nà ń sọ.

Ọjọ́ kìíní, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ládùúgbò tiwọn. Kí wọ́n ti Ṣípẹ̀olú bẹ̀rẹ̀ ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé iléèwé àti kàlẹ́ńdà fún gbogbo Nàìjíríà. Kí wọ́n gba Bàrígà kọjá, kí wọ́n dé iwájú CMS Grammar School, iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1859 ní Erékùṣù Èkó, tó sì kó wá sí Bàrígà ní ọdún 1959. Láti ibẹ̀, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà.

Níbẹ̀ ni wọ́n á ti bá àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn, àwọn tó fi omi ṣe oko. Ọkùnrin ń tún àwọ̀n ṣe, obìnrin ń yan ẹja lórí ààrò, ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ ń tu ọkọ̀ bí ẹni ń ṣeré. Lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó rí àwọn tó ń wa iyanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà, tí wọ́n ń kó o jọ fún àwọn kọ́lékọ́lé. Ẹ bá gbójú sókè, ẹ ó rí Third Mainland Bridge tí wọ́n parí ní ọdún 1990, tí mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀ lọ sí Erékùṣù. Ẹgbàágbèje èèyàn ló ń gba orí afárá yẹn kọjá lójoojúmọ́ tí wọn ò bojú wo ìsàlẹ̀ rí.

Kí afinimọ̀nà wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, gọ́tà iwájú ilé yín, ibo ló ń da omi sí?” Ìdáhùn rẹ̀ ni ọ̀sà yẹn. Òun náà ni Odò Ògùn tó ń ti ìhà Abẹ́òkúta bọ̀ ń ṣàn wọ̀. Ẹnu tó tóbi jù tí ọ̀sà náà ń gbà wọ òkun ni èbúté Èkó, nítòsí ilé iná òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ kejì.

ÒKÚTA ABẸ́ÒKÚTA NÍNÚ ÒKUN

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Erékùṣù. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Tarkwa Bay wà ní ìdíkọ̀ Tarzan lójú ọ̀nà Ozumba Mbadiwe, àwọn ìdíkọ̀ mìíràn sì wà. Kí oníkálukú wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹni tó bá ní gèlè òun á bàjẹ́, kó ṣí gèlè, kó wọ ẹ̀wù. Ẹ̀mí ló ń wé gèlè.

Bí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí Tarkwa Bay, wọ́n á rí i pé omi ibẹ̀ rọlẹ̀. Kí afinimọ̀nà mú wọn rìn dé ìdí ògiri òkúta gígùn tó wọ inú òkun lọ, kó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.

Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi ní ẹnu èbúté Èkó. Ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá níbẹ̀. Ẹrù tó ń bọ̀ láti Ìlú Òyìnbó, Forcados nílẹ̀ Delta ni ọkọ̀ ńlá ń já a sí, kí ọkọ̀ kékeré tó wá gbé e wá sí Èkó. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ro iye tí ìyẹn máa fi lé owó ọjà. Láti ọdún 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń da òkúta sínú òkun láti mọ ògiri sí apá méjèèjì. Nítòsí Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà, ọkọ̀ rélùwéè ló sì ń kó o wá. Nígbà tó fi máa di ọdún 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọ Èkó. Ibi tí ọlá èbúté yìí ti wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun rere náà ní ẹ̀yìn. Ní etíkun wa yìí, ìgbì òkun máa ń kó iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri dúró sójú ọ̀nà, iyanrìn há sí apá ibi tí ilé iná wà, etíkun ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Apá kejì tí iyanrìn kò dé mọ́, òkun ń jẹ ẹ́. Apá kejì yẹn ni Bar Beach tí gbogbo wa mọ̀. Ilẹ̀ tí òkun gbé mì níbẹ̀ lé ní kìlómítà kan. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún á rántí bí òkun ṣe máa ń wọ títì ní Victoria Island. Lónìí, wọ́n ti da iyanrìn dí ibẹ̀, wọ́n ti mọ odi, wọ́n sì ń kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n pè ní Eko Atlantic sórí rẹ̀.

Ẹni tó bá dúró létí ilé iná òkun, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, á fojú ara rẹ̀ rí i pé ohun tí a bá ṣe lápá kan, apá kejì ló ti ń hàn.

TA LÓ NI NÁÍLỌ̀N YÌÍ?

Kí wọ́n wá máa rìn lọ létíkun Lighthouse Beach. Atẹ́gùn á fẹ́ sí wọn lára, ẹsẹ̀ á rì sínú iyanrìn, mẹkáníìkì tó ti ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ mọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́ á na ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wolẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á rí ike omi, náílọ̀n píọ̀ wọ́tà, bàtà ọ̀kan ṣoṣo, ìdérí korobá. Kò sẹ́ni tó wá láti òkè òkun wá da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀, inú gọ́tà ìlú ló ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò tirẹ̀ nígbà tí òjò rọ̀, ọ̀sà gbé e, òkun sì pọ̀ ọ́ síta. Gọ́tà Ṣómólú àti Bàrígà wà lára wọn. Ẹni tó sọ náílọ̀n sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rò pé ó ti lọ. Kò lọ jàre, ó ń dúró dè é létíkun. Ìyá ẹlẹ́ja á sì sọ fún un pé náílọ̀n yẹn náà ló ń kún àwọ̀n apẹja dípò ẹja.

Ọ̀ràn kejì ni ti àwọn tó ni ibẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn tó ń gbé Tarkwa Bay kúrò nílé wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni, wọn ò sì fún wọn láyè tó láti kó ẹrù. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń lu páìpù epo. Olè ló lu páìpù, àmọ́ ìyá oníbúrẹ́dì àti ọmọ iléèwé ló sùn síta. Ẹni tó bá rántí Maroko tí wọ́n wó ní oṣù keje ọdún 1990 mọ̀ pé ìyẹn kọ́ ni àkọ́kọ́. Àwọn ará etí omi Bàrígà náà kò lè sùn àsùnwọra bí wọ́n bá gbọ́ irú rẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì pé ọmọ ibẹ̀ ni kó jẹ́ afinimọ̀nà. Ó mọ ibi tí omi jìn, ó mọ ìgbà tí ìgbì ń bọ̀. Apá Lighthouse Beach dojú kọ gbangba òkun, kò rí bíi Tarkwa Bay tí ògiri òkúta ń dáàbò bò. Òkun ń hó yàà, ọ̀sà ń hó yàà, ọmọ burúkú ló ń lóun ó wọ̀ ọ́. Ọmọ ibẹ̀ á sọ pé, “Ìyá, ẹ má wọbẹ̀ o, ẹ dúró níhìn-ín.” Owó tí ẹ bá fún un, ilé ló ń gbé e lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, ibi tí èèyàn gidi ti ń wá, tí wọ́n mọ orúkọ onílé, tí wọ́n jẹ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ LỌ

Oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ ló dára jù, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Òkun máa ń le nígbà òjò. Ẹ dúnàádúrà owó ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ti àlọ àti ti àbọ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́yìn kí alẹ́ tó lẹ́, torí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi máa ná lóru. Ẹ gbé omi mímu, ẹ gbé fìlà, ẹ wọ bàtà tó ṣeé rìn. Ẹ̀yin tí ìfúnpá ń yọ lẹ́nu, ẹ má gbàgbé oògùn yín sílé. Tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ bá ń dá àjọ fún aṣọ ẹbí, kò burú bí wọ́n bá yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìrìn báyìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ tún mú àpò kan dání. Ohun tí ẹ bá jẹ kù, ẹ kó ìdọ̀tí rẹ̀ padà sí Ṣómólú, kí ẹ sì fi í lé kólẹ̀kódọ̀tí lọ́wọ́. Torí bí ẹ bá jù ú sí gọ́tà, ẹ̀yin náà lẹ máa tún padà lọ pàdé rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.