Ta Ni Yóò Tún Ògiri Kùn?

Láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ìrìnàjò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo gba Èjìgbò kọjá sí Òṣogbo, mo sì parí rẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀. Àwòrán ara ògiri ìta gbangba ni mo ń wò kiri, ìbéèrè kan ni mo sì gbé dání: kí ló dé tí òmíràn fi ń pẹ́ láyé, tí òmíràn sì ti ṣí kúrò lára ògiri kí ọmọ tó rí i tó dàgbà? Èsì tí mo rí ni pé ọ̀dà olówó gọbọi kọ́ ló ń dá àwòrán sí. Ẹni tí a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni, àti ọjọ́ tí a dá fún àtúnṣe.

Òṣogbo kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i. Nínú igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, àtúnṣe ló bí iṣẹ́ ọnà. Ikán ti ba ojúbọ etí odò jẹ́ kí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó dáwọ́ lé àtúnṣe rẹ̀ lópin àwọn ọdún 1950. Bíríkìlà wà lára àwọn tó bá a ṣe é; bí wọ́n ti ń rẹ́ ògiri ni wọ́n ń fi sìmẹ́ǹtì yọ àwòrán sí i. Bíríkìlà náà ni Adébísí Àkànjí kó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà. Wenger kú ní 2009, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ṣì mọ bí a ti ń dí ibi tó bá sán.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere. Àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un kùn fún ọdún òrìṣà. Ẹfun, ilẹ̀ pupa àti èédú ni wọ́n ń lò. Òjò á fọ̀ ọ́, wọ́n mọ̀. Ọdún mìíràn á dé, ọwọ́ á tún padà sára ògiri. Ọ̀nà yìí wú àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Moyọ̀ Òkédìjí lórí, àwọn tó dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989.

Ẹnìkan lè ní àtúnkùn ń pa iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ́. Òótọ́ ni fún sìmẹ́ǹtì Òṣogbo: ọwọ́ ẹni tó ṣe é ṣe pàtàkì níbẹ̀, àtúnṣe sì gbọ́dọ̀ rọra. Ti ẹfun yàtọ̀, nítorí àtúnkùn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ká ya fọ́tò rẹ̀ kí a tó fọ̀ ọ́. Bí a bá gbé àṣà àtúnkùn yìí lọ sára ògiri ìta gbangba, àwọn ẹlẹ́sìn lè bẹ̀rù pé òrìṣà ni a fẹ́ mú padà wá. Ṣùgbọ́n ògiri ọjà àti ilé ìwé kì í ṣe ojúbọ. Ebè iṣu, odó iyán àti àwọn tó ń rin ìrìnàjò Ivory Coast, tí Èjìgbò fi lókìkí, tó yà síbẹ̀. Ní ti owó, ilẹ̀ àti èédú kò wọ́n. Ẹni tí yóò dúró ti iṣẹ́ ló wọ́n.

Èjìgbò kò ní í wá ọjọ́ jìnnà. Nígbà ọdún òrìṣà Ògìyán, tí àwọn ará àdúgbò Ìsàlẹ̀ Òṣolo àti ti Òkè Màpó ń fi àtòrì na ara wọn, ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan gba ògiri kan, kí wọ́n máa tún un kùn lọ́dọọdún. Kí Ifẹ̀-Ọ̀dàn náà yan ọjọ́ tirẹ̀. Kí ìlú tó ra ọ̀dà, kí ó kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí yóò tún un kùn.