A fi gáàsì gun òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹni tó bá gba Ìwáràjà wọ Èkìtì yóò mọ ìgbà tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń parí lọ, bí kò tilẹ̀ ka pátákó kankan. Bí a bá ti kọjá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń yà sí láti wo omi Ọlúmirìn tó ń já láti orí àpáta, ọ̀nà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, igbó yóò sún mọ́ ẹ̀bá títì, òkè kan yóò sì máa yọjú lẹ́yìn òmíràn. Àárín àwọn òkè wọ̀nyí ni Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wà bí ẹyin nínú ìtẹ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wúkọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́; olùkọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ní Ìjerò, ọ̀dọ̀ ìyá wọn sì ni àwọn ọmọ ń gbé. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróò kan kò tó 200 náírà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì ni bàbá wọn ń lọ wò wọ́n. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó ti di 617 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Nígbà tí yóò fi di òpin ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Ìrìn ọ̀sẹ̀ di ìrìn oṣù. Àbíkẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Dádì inú fóònù". Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yí ẹ́ńjìnnì padà sí gáàsì, kì í ṣe ìfẹ́ ẹ̀rọ.

Passat oní-túbò ni ọkọ̀ rẹ̀. Gáàsì tó yàn kì í ṣe CNG tí ìjọba àpapọ̀ ń polongo láti ọdún 2023. Propane ni, ìbátan gáàsì tí a fi ń dáná nílé. CNG nílò ìfúnpá tó tó 200 bar kí ó tó wọ sìlíńdà, a kò sì rí ilé ìtajà rẹ̀ kankan lójú ọ̀nà wa lọ́jọ́ náà. Propane a máa di omi ní nǹkan bí 10 bar péré, ibi tí wọ́n ti ń wọn gáàsì ní kílò kò sì ṣọ̀wọ́n láti Iléṣà títí dé Ìjerò.

A ti fẹ́ wọ Ẹ̀fọ̀n nígbà tí ọkọ̀ náà fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ó dún pọ́ọ̀, iná ẹ́ńjìnnì sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnnì tó dá a padà sí epo, a sì ń wọ́ bí ìgbín wọ ìlú. N kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín. Ìlú yìí ni ibojì Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà, ẹni tó ń wa katakata ìtẹ̀nà fún ìjọba ní ọdún 1928 nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà. Àwọn tó ń sọ ìtàn ìpè rẹ̀ a máa tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ náà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

A kọjá Ìtawùrẹ́, a dé Àrámọ̀kọ, níbi tí mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ti tú àṣírí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí, ó sì na ọwọ́ sí họ́ọ̀sì kékeré kan tó ti yọ. "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Wọn ò fi kílíìpù dè é."

Ó ṣàlàyé fún wa. Èéfín tó ń jáde ló ń yí túbò, òun náà a sì máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì tipátipá, pàápàá bí a bá ń gòkè. Ipá gáàsì gbọ́dọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ yẹn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lè jáde tó láti ẹnu nozzle. Ẹ̀rọ kan wà tí omi gbígbóná rédíétọ̀ ń gbà kọjá, tó ń sọ gáàsì olómi di èyí tó fẹ́lẹ́ bí afẹ́fẹ́. Họ́ọ̀sì kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí ó mọ bí túbò ṣe ń tì tó. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sí wàhálà. Ní òkè Ẹ̀fọ̀n, túbò ti họ́ọ̀sì náà dànù, afẹ́fẹ́ pọ̀, gáàsì kò tó. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń jó báyìí lábẹ́ ẹrù a máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Bí awakọ̀ bá ṣorí kunkun, fáàfù àti písítìnì ni yóò jó. Bàbá náà tún yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, ó dín àlàfo ẹnu wọn kù, nítorí ó ṣòro fún iná láti fò níbi tí túbò ti fún gáàsì àti afẹ́fẹ́ pọ̀. Ó ní propane gan-an bá túbò mu, torí kì í tètè gbiná kí àsìkò tó tó. Ẹni tó so ó ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá èrè wà níbẹ̀. Kílò 7 gáàsì ló ń ṣe iṣẹ́ tí lítà 10 epo ń ṣe, nítorí náà ó máa ń ṣírò iye méjèèjì kí ó tó rà. Ní oṣù tí gáàsì bá wọ́n, epo ló ń lò. Kò fi bò fún mi pé òun kò tíì rí owó tí òun fi so ó gbà padà tán.

Lórí ọ̀rọ̀ ewu, n kò ní fi ṣeré. Táǹkì tirẹ̀ wà níbi tí táyà àpamọ́ máa ń wà nínú bùútù, fáàfù rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ó kún ju ìdá 80 nínú 100 lọ. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń rá sí, ó sì ń dúró de iná. Ẹni tó bá gbé sìlíńdà ilé ìdáná sínú ọkọ̀ ń fi ẹ̀mí wéwu. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, sìlíńdà CNG ọkọ̀ kan bú gbàmù níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i ní Benin. Wọ́n ní sìlíńdà tí wọ́n jó pọ̀ ni.

A kò yà sí Ìkọ́gòsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi gbígbóná àti omi tútù rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a wọ Ìjerò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí a tó gbéra, àbíkẹ́yìn náà tẹ̀lé bàbá rẹ̀ dé ìdí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìka kan kílíìpù tuntun náà, ó ní kí Dádì jẹ́ kí òun fún un le sí i. Ẹ̀gbọ́n mi fi sukudíráífà lé e lọ́wọ́.