Àlejò Lójú, Onílé Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú lè la ojú sílẹ̀ kó má mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀, àfi tí onílé bá là á yé e. Ọ̀dọ̀ àlejò ni òwe náà mọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ojú onílé. Ní ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ìpínlẹ̀ mìíràn ti ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde lọ́dọọdún, ojú onílé gan-an ni ó yẹ kí ìbéèrè dá lé.

Bí a bá dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀, òkè òkun ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ. Wọ́n á rántí ètò Fulbright tí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1946, èyí tó ti gbé àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ sí yunifásítì ilẹ̀ náà láti kọ́ni ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò parí sínú kíláàsì. Wọ́n ń retí pé kó sọ fún àwọn tó gbà á lálejò bí wọ́n ṣe ń kí ni nílé rẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ, àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n pàṣípààrọ̀ tó pọ̀ ju ìyẹn lọ ń wáyé ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, láìsí ìwé ìrìnnà.

Ní ọdún 1966, kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Warri àti Sókótó, kí àwọn ọmọ láti inú ẹ̀yà gbogbo lè jọ máa gbé, kí wọ́n sì jọ máa kàwé. Lẹ́yìn tí ogun parí ní ọdún 1970, irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, títí wọ́n fi lé ní ọgọ́rùn-ún lónìí. Ọ̀kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òmíràn, tó jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin, wà ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1973, ìjọba tún dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ìsẹ́yìn ni àgọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín àwọn ọ̀dọ́ náà káàkiri ìlú gbogbo.

Ìran Yorùbá mọ àlejò gbà. Kó tó pẹ́, ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn wá á ti mọ ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, á ti mọ ìyàtọ̀ láàárín “ẹ kú iṣẹ́” àti “ẹ kú ìjókòó,” á sì ti máa fi gbẹ̀gìrì àti ewédú jẹ àmàlà. Inú àwọn ìyá ọlọ́jà á dùn bó bá fi Yorùbá ná ọjà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á fún un lórúkọ, wọ́n á ní ó ti di ọmọ àwọn. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ọmọ náà gbé wá láti ilé rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó tú u wò.

Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nígboro. Ọmọ Tiv láti Benue di Gàm̀bàrí. Ọmọ Ibibio láti Akwa Ibom di ọmọ Ìbò. Èyí tí wọn kò bá mọ ibi tó ti wá rárá, ó di kòbókòbó. Ẹni tó sọ ọ́ lè má ní ìkùnsínú kankan, ṣùgbọ́n etí ọmọ náà gbọ́ pé ilé bàbá òun kò lórúkọ níbí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ kò ní gbà láé kí wọ́n pe òun ní ará Ìbàdàn.

Bí wọ́n bá sì tú ẹrù ọmọ Tiv náà, wọn yóò rí ohun tó bá ti Ọ̀yọ́ mu. Àwọn Tiv ní eré kan tí wọ́n ń pè ní Kwagh-hir, níbi tí wọ́n ti ń fi ère onígi tó ń mira, agọ̀, orin, ijó àti ìtàn sọ ọ̀rọ̀ àwùjọ. Àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àṣà ọmọ aráyé ní ọdún 2019. Ọdún Ṣàngó ti ìlú Ọ̀yọ́ wọ inú ìwé kan náà ní ọdún 2023. Ààfin Ọ̀yọ́ Ilé sì ni àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí bí orísun eré alárìnjó. Bí ọmọbìnrin kan láti Benue bá jókòó ti ọmọ agboolé eléégún kan ní Ọ̀yọ́, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀. Ta ló ti mú wọn jókòó pọ̀ rí?

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Àwọn oníṣòwò ọmọ Ajílété ti rìn dé Jọs, Kánò àti àríwá Gánà, wọ́n kọ́ èdè onílé, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó padà wálé. Wọ́n mọ bó ṣe máa ń dùn tó kí onílé mọ orúkọ ẹni, wọ́n sì mọ bó ṣe máa ń korò tó kí ènìyàn gbé ìlú títí kó tún gbọ́ pé àjèjì ni òun.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá ti di ti gbogbo ilé; Yorùbá ń dín in, wọ́n ń fi í sínú ọbẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí mọ́ pé ẹrù àlejò ni. Àlùbọ́sà pàápàá, ọ̀dọ̀ Haúsá ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹnu ti gbà. Etí ló kù.

Ní ọdún 1977, ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé kí wọ́n gba ọmọ kọ̀ọ̀kan níyànjú láti kọ́ ọ̀kan nínú Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá, yàtọ̀ sí èdè abínibí tirẹ̀. Ọmọ Ẹnugu tó wà ní Ọ̀yọ́ ń kọ́ Yorùbá. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó jókòó tì í lè jáde ìwé mẹ́wàá láìmọ bí wọ́n ṣe ń kí ni káàárọ̀ ní èdè Ìgbò. Apá kan pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Àwọn ilé-ìwé tó ń ṣe ọjọ́ àṣà lè ṣí géètì fún àwọn ọmọ ìlú, kí onílù àti ahunṣọ àdúgbò wá wo ti àlejò, kí wọ́n sì fi tiwọn hàn. Àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ni ní ìṣirò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní ìkíni ilé rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí onílé béèrè orúkọ àlejò, ìtumọ̀ rẹ̀, àti èdè tó ń sọ nílé.

Ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò lówó ìrìn àjò, ṣùgbọ́n oko ẹlòmíràn ti bá wọn délé. Kí ọdún mẹ́fà tó pé, kí àlejò tó di ẹrù rẹ̀ padà, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.