Omi Inú Ìgò Ìpara

Ọjọ́ karùn-ún ni ìpara mi bu. Mo ṣí ike náà láàárọ̀, mo bá nǹkan aláwọ̀ eérú létí rẹ̀, ó rí bí òwú. Ọyẹ́ mú gan-an l'Ìwó lọ́sẹ̀ náà. Ojúgun gbogbo wa ti funfun, ètè sì ń là. Mo gbé ike náà lọ bá ìyá àgbà níwájú ilé. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yínmú.

"Àṣàkẹ́, kí lo fi sí i?"

Mo kà á fún wọn: òrí tí mo rà ní ọjà Odò-Orí, àdí àgbọn, ìda oyin díẹ̀, àti omi tí mo sè tí mo jẹ́ kó tutù.

"Omi kẹ̀? Èyí tó wà ní balùwẹ̀ kò tó ọ ni?"

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ohun tó gbé mi dé ìdí omi ni pé mo fẹ́ kí tèmi máa ṣàn bíi ti inú ìgò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó yí ẹ̀yìn ìgò kan padà kà. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú ìpara ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, "Aqua" ló sì ṣíwájú. Omi ni, wọ́n kàn fi èdè Látìn pè é. Gbogbo owó yẹn, omi! Nítorí pé omi wà níbẹ̀, wọ́n ní láti fi nǹkan tó máa so òun àti òróró pọ̀ sí i, kí wọ́n tún fi òmíràn tí kò ní jẹ́ kó bu. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹni tó po omi mọ́ òrí, tó wá ń fọ́nnu pé tòun ò ní kẹ́míkà kankan, òun gan-an ni kí ẹ sá fún, irú èmi ọjọ́ yẹn.

Àwọn tó ń ṣe òrí ti mọ ọ̀rọ̀ omi yìí tipẹ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni igi òrí fẹ́ràn, ìhà Òkè-Ògùn, Ṣakí àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n á ṣa èso rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á bọ kóró rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Ìgbà náà ni omi dé: wọ́n á máa bù ú sí i, wọ́n á máa fọwọ́ pò ó, apá á máa ro wọ́n, títí ọ̀rá funfun á fi léfòó. Ọ̀rá yẹn ni wọ́n á kó sórí iná, wọ́n á sè é títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ tán. Omi ni wọ́n fi fà á jáde, iná ni wọ́n fi lé omi lọ. Èmi wá lọ fọwọ́ ara mi dá a padà.



Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí kò le. Mo máa ń gbé abọ́ òrí lé orí ìkòkò omi gbígbóná, n kì í gbé e lé iná tààrà. Bó bá yọ́, màá da àdí àgbọn sí i. Lásìkò ooru, díẹ̀ ni, torí àdí àgbọn kì í dì mọ́ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Màá wá gbé abọ́ náà sínú omi tútù kíákíá. Bó bá pẹ́ kó tó tutù, á di hóró-hóró bíi gààrí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni màá lù ú bí alákàrà ṣe ń lu ẹ̀wà lílọ̀, kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Á wú, á funfun. Kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀.

Ìyá àgbà ò ṣe gbogbo làálàá yẹn. Àdín ni wọ́n fi ń yọ́ òrí nígbà tí a wà ní kékeré, àdín dúdú tí òórùn rẹ̀ máa ń ṣáájú wa dé ilé-ìwé. Àdín ni èèwọ̀ Èṣù; èmi ò bá Èṣù wí.

Àwọn tó ń tọ́ tèmi wò máa ń bi mí bóyá á mú àwọn pupa. Rárá o. Èyí tó ń bóra, tí wọ́n ń pò ní kọ̀rọ̀, hydroquinone tàbí mẹ́kúrì lè wà nínú rẹ̀, mẹ́kúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Lánàá, mo jáde ní balùwẹ̀, omi ṣì ń kán lára mi. Ìyá àgbà ti jókòó sórí àpótí, wọ́n ti fi ìka ha òrí nínú ike tuntun, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á.

"Má tíì nura. Kọ ẹ̀yìn sí mi."