Ojú Tó Wà Lẹ́bàá Bẹ́ẹ̀dì: Bí Mo Ṣe Mọ Iṣẹ́ Olùrànlọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì

Nínú gbogbo àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní wọ́ọ̀dù ọsibítù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí owó oṣù wọn kéré jù ló ń fọwọ́ kan aláìsàn jù. Dókítà á yà wá, á yẹ̀ ẹ́ wò, á gba ibòmíràn lọ. Nọ́ọ̀sì ń pín oògùn, ó ń kọ̀wé, ó ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni tó wẹ aláìsàn náà, tó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tó fi ṣíbí bọ́ ọ, tó sì mọ̀ pé àná ó jẹun tán ṣùgbọ́n lónìí oúnjẹ náà ò wọlé, HCA ni, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì di ọ̀gá wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé àwọn àgbàlagbà wá láti ẹ̀ka pàjáwìrì nígbà tí àìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn wó. Èmi náà ni mo wá ń gba HCA síṣẹ́, tí mo sì ń bójú tó wọn.

Ìtàn iṣẹ́ náà ti pẹ́ kí n tó débẹ̀. Lọ́dún 1919 ni òfin kọ́kọ́ dá ìwé orúkọ sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kò sí nínú ìwé yẹn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọwọ́ kò tó, òfin ọdún 1943 ṣí ìwé kejì fún àwọn tí wọ́n ń pè ní assistant nurse, tí wọ́n ń fi ọdún méjì kọ́ṣẹ́ dípò mẹ́ta. Lọ́dún 1961 orúkọ wọn yí padà, wọ́n di SEN (State Enrolled Nurse). Nígbà tí NHS, ètò ìlera ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1948, òṣìṣẹ́ kò kárí, wọ́n sì ń pe àwọn ọmọbìnrin láti Ireland, láti àwọn erékùṣù Caribbean àti láti ọ̀dọ̀ tiwa náà.

Gbogbo wa la mọ orúkọ Kofoworola Abeni Pratt, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1946, tó sì padà sílé wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́nì ní UCH Ìbàdàn. Orúkọ ńlá ni, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà tirẹ̀ ni wọ́n ṣí fún gbogbo ẹni tó bá a rìn. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n darí sí ẹ̀kọ́ ọdún méjì láìṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di sístà, ìyẹn ọ̀gá wọ́ọ̀dù, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ padà sílé, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá kò ka ìwé náà sí. Mo bá díẹ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, wọ́n mọṣẹ́ dé ìdí, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá wọn.

Ohun tó sọ HCA di púpọ̀ ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Project 2000, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lọ́dún 1989. Ètò yẹn gbé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì fòpin sí ẹ̀kọ́ SEN. Títí di ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wà lára iye òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Àwọn ló ń wẹ aláìsàn, àwọn ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú iye yẹn, ta ni yóò ṣe é? Wọ́n gba HCA. Bí èmi náà ṣe ríṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún mi kò tó nǹkan: bí a ṣe ń gbé aláìsàn láìṣe ẹ̀yìn ara ẹni léṣe, bí a ṣe ń fọwọ́, ohun tó yẹ ká ṣe bí iná bá sọ. Ìyá kan tó jẹ́ SEN ló kọ́ mi níṣẹ́ gan-an. Ó kọ́ mi pé wíwẹ̀ ni àǹfààní tí mo ní láti wo ara aláìsàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. “Wo gìgísẹ̀, wo ìdí, wo ẹ̀yìn etí níbi tí okùn ọ́síjìn ń gbà.” Ibẹ̀ ni egbò àdùbúlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún wa sọ pé kí á wá ibi tó bá pọ́n. Ó ní kí n má gbára lé ìyẹn lára aláwọ̀ dúdú, nítorí pípọ́n kò ní hàn níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Kí n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí n mọ̀ bóyá ó gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, bóyá ó le, bóyá ó rọ̀ jù. Títí di òní, ohun tí mo fi ń kọ́ ẹni tuntun nìyẹn.

Iṣẹ́ HCA kò dúró lórí wíwẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2012 ni àwọn ọsibítù ti ń lo NEWS (National Early Warning Score), ìwé tí a fi ń dá máàkì fún mímí, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bí ọkàn ṣe ń lù, ìgbóná ara, àti bóyá ojú aláìsàn ṣì dá. Bí máàkì bá di márùn-ún, kí dókítà tètè wá. Bó bá di méje, pàjáwìrì ni. Ní wọ́ọ̀dù púpọ̀, HCA ló ń wọn gbogbo èyí. Ẹ̀rọ ń ka ìfúnpá, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó ń ka mímí fún wa. Ojú àti aago ni. Ẹni bá ń kánjú á kọ 16 tàbí 18 láìkà á. Bẹ́ẹ̀ mímí ni ó máa ń kọ́kọ́ yí padà nígbà púpọ̀ tí ara bá fẹ́ dojú rú. Tí mo bá yẹ ìwé wò tí mo rí 18 fún aláìsàn mẹ́fà tó tẹ̀ léra, mo mọ̀ pé ẹnì kan kò kà á. N kì í pariwo. Mo máa ń mú ẹni náà lọ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, a ó jọ wo àyà aláìsàn fún odidi ìṣẹ́jú kan, a ó sì sọ iye tí a kà fún ara wa.

Wọ́n tún ìwé NEWS náà ṣe lọ́dún 2017, wọ́n ní bí iyè aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú, kí á fún un ní máàkì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló máa mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú ni? Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ lánàá ni. Ní òwúrọ̀ kan, HCA kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú wá bá mi, ó ní, “Sister, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo bàbá yìí. Àná wọ́n ń bi mí léèrè ọmọ mi, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Lónìí wọn ò mọ̀ mí mọ́.” Gbogbo nọ́ńbà tó kù ló dára. Dókítà ọ̀dọ́ kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé arúgbó ni, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkóràn ti wọ ẹ̀jẹ̀ bàbá náà, a sì tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí HCA máa lọ dáhùn aago tí aláìsàn ń tẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Mo rí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn HCA fi gbogbo òru rí á bá wọn lọ sílé.

Tí mo bá ń gba ènìyàn síṣẹ́, ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò. Mo máa ń mú wọn gba inú wọ́ọ̀dù kọjá kí a tó jókòó. Ẹni tó bá kí aláìsàn, tó gbé ife omi sún mọ́ arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, ti dáhùn ìdajì ìbéèrè mi. Nígbà mìíràn ẹni tó jókòó níwájú mi jẹ́ nọ́ọ̀sì ọlọ́dún púpọ̀ láti Nàìjíríà tí kò tíì gba ìwé NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo máa ń sọ fún un gbangba pé kò gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, ẹni tó wù kó bẹ̀ ẹ́, nítorí òun ni wọ́n máa dì mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá rí nǹkan, kó sọ ọ́ bí nọ́ọ̀sì.

Ohun kan wà tó ń dààmú àwọn ọmọ Yorùbá tó bá di nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. HCA tó wà lábẹ́ rẹ lè ju ìyá rẹ lọ lọ́jọ́ orí, Mummy ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Báwo lo ṣe fẹ́ pàṣẹ fún un? Ọ̀pọ̀ á dákẹ́, wọ́n á lọ ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn. Èyí kò dára, nítorí ìwé ìlànà NMC ti ọdún 2015 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó fún ẹlòmíràn níṣẹ́ ló máa dáhùn fún un, kó rí i pé ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe, kó sì padà wo bó ṣe rí. Ọ̀wọ̀ kò dí i lọ́wọ́ rárá. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́ báyìí: “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn ìtọ̀ bàbá bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní wákàtí wákàtí. Bí kò bá tó 30 mílílítà, ẹ pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màá padà wá ní aago mẹ́wàá.” Ìyá náà mọ ohun tó máa ṣe, ìgbà tó máa ṣe é, àti iye tó yẹ kó dẹ́rù bà á.

Ní oṣù Kejì ọdún 2013, ìròyìn ìwádìí tí agbẹjọ́rò Robert Francis darí jáde lórí ìyà tó jẹ àwọn aláìsàn ní ọsibítù Stafford. Ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n forúkọ HCA sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìjọba kò gbà. Akọ̀ròyìn Camilla Cavendish ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́dún náà, ìwádìí yẹn ló sì bí Care Certificate, ìwé ẹ̀rí fún ẹni tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2015 pẹ̀lú ìlànà 15. Ó ṣe ìrànwọ́, àmọ́ mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ẹni tuntun jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì máàkì gbogbo rẹ̀ láìwo ọwọ́ rẹ̀ lára aláìsàn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019 ni NMC ti ń forúkọ àwọn nursing associate sílẹ̀, ipò tó wà láàárín HCA àti nọ́ọ̀sì. Inú mi dùn sí i, àwọn HCA mi kan sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ owó ṣì wà nílẹ̀: lọ́dún 2021 ni wọ́n tún àpèjúwe iṣẹ́ kọ, tó fi hàn pé ẹni tó bá ń ṣe ju wíwẹ̀ àti bíbọ́ lọ kì í ṣe ìpele owó oṣù Band 2 ló yẹ ẹ́, Band 3 ni. Ní ọsibítù púpọ̀, ó di kí wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó rí owó yẹn gbà.

HCA kò tíì ní ìwé orúkọ tirẹ̀ ní England títí di òní. Ẹ̀yin ọ̀gá wọ́ọ̀dù, kí òfin tó dé, ẹ pè wọ́n wá jókòó nígbà tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín, ẹ dárúkọ wọn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.