Àjàṣẹ́ Kò Jìnnà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí yẹ̀yẹ́ bá wà níbẹ̀, èmi ni mo ni ìpín tó pọ̀ jù, ẹ ó sì rí i bó bá yá.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ìwé girama ní Ìlaròó. Gbajúmọ̀ ni à ń pè é láti ìgbà náà, nítorí pé ìpara ni ó fi ń ra bàtà rẹ̀ láràárọ̀ kí ó lè máa dán, bẹ́ẹ̀ bàtà ọ̀hún ti lu nísàlẹ̀. Nígbà tí a ṣe ìdánwò àṣejáde tán, èmi wọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, òun wọ ọkọ̀ òfuurufú. Houston ní Amẹ́ríkà ni ó fìdí sí, iṣẹ́ epo rọ̀bì ni ó ń ṣe níbẹ̀, bàtà rẹ̀ kò sì lu mọ́.

Kérésìmesì ọdún 2023 ni ó wálé. Ẹ wá wo jíìpù tó háyà! Dírẹ́bà ńbẹ níwájú, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, kúlà ńlá kan sì wà lẹ́yìn tó kún fún omi inú ìgò láti òkè òkun, nítorí ó ní ikùn òun kò gba omi wa mọ́. Mo rántí ọjọ́ tí a jọ ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi odò Yewa mu, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó sì fi nǹkan bíi wákàtí méjì ròyìn Brazil fún mi.

Salvador ni ìlú tó lọ, ní Bahia. Olú-ìlú gbogbo Brazil ni Salvador láti ọdún 1549 títí di 1763 tí wọ́n gbé ipò náà lọ sí Rio. Ọ̀rẹ́ mi kì í rin ìrìn àjò bí èmi àti ẹ̀yin. Fún un, ìrìn àjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a gbé àpò. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì tí òun wọ̀ sí, ilé àwọn ẹlẹ́sìn Àgùdà ni láyé àtijọ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ilé ìgbafẹ́ àwọn olówó. Ó ní bí ó bá di alẹ́, ẹnì kan á wá ká aṣọ ìbora sẹ́yìn fún òun, á fi súìtì sórí ìrọ̀rí. Ó ní ìlú òkè àti ìlú ìsàlẹ̀ ni Salvador, ẹ̀rọ agbéniròkè kan tó ti wà láti ọdún 1873 ló sì ń gbé ènìyàn láti èbúté lọ sókè. Ó ní ijó ńbẹ ní títì, ìlù ńbẹ ní gbogbo kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi obìnrin kan hàn mí tó wọ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, agbada epo wà níwájú rẹ̀.

“Kí ni èyí?”

“Àkàrà ni.”

“Acarajé ni wọ́n ń pè é! ‘Àkàrà’ àti ‘jẹ’ náà ni. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á fi edé sí i nínú. Ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí mo bù ú jẹ, omi bọ́ lójú mi. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ, àkàrà kò gbàgbé ilé.” Ó mí kanlẹ̀. “Ohun tó dùn mí ni pé a kò ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ nítòsí.”

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, “Ìwọ yìí, o gun bàálù kọjá òkun láti lọ wo ohun tó wà ní Àjàṣẹ́.”

Àwọn tó mọ̀ ọ́n lórí máàpù, Porto-Novo ni wọ́n ń pè é. Olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin ni, ibẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnù ni ìjọba àti ọjà ti ń pariwo. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira ní Salvador dìde ogun sí àwọn ọ̀gá wọn. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn, Yorùbá sì ni púpọ̀ nínú wọn. Títí di òní, Malê ni ìwé ìtàn Brazil ń pè wọ́n, ẹ̀yin náà ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá: Ìmàle wa náà ni. Ìjọba borí wọn, wọ́n pa nínú wọn, wọ́n lé nínú wọn jáde. Láti ìgbà náà títí kọjá ọdún 1888 tí oko ẹrú dópin pátápátá ní Brazil, ni àwọn tó rí owó ọkọ̀ san ń padà bọ̀, wọ́n ń sọ̀ sí Èkó, sí Ouidah, sí Agoué, sí Àjàṣẹ́. Wọ́n kó iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ bíríkìlà bọ̀, wọ́n sì kó orúkọ bọ̀ pẹ̀lú: da Silva, d’Almeida, Medeiros, Paraïso. Bí ẹ bá rí Paraïso tó ń kírun ní Àjàṣẹ́, ẹ má ṣe yà á sí kàyéfì.

Èkó náà ní tirẹ̀ ní Pópó Àgùdà, ṣùgbọ́n ojú wa náà ló ṣe ní ọdún 2016 tí wọ́n fi katakata wó ilé tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar ní Tinúbú, ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855, tí ìjọba sì ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, inú ń bí mi.

Gbajúmọ̀ fò dìde. Ó ní lọ́la ni a ó lọ. Ó ní kí n jẹ́ atọ́nà òun, òun yóò sanwó, ó sì dá iye kan tó ju owó oṣù mi lọ. Ó ti fi fóònù gba yàrá sílẹ̀ fún wa ní hòtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun ní Kútọnù kí n tó fèsì.

Ká sòótọ́, mi ò fẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé Àjàṣẹ́. Ìyá Àjàṣẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ni Bàbá Télọ̀, òun ló sì rán aṣọ ilé-ìwé girama mi àkọ́kọ́, tí kò gba kọ́bọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni Bàbá Télọ̀ kú. Láti oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba wa ti ti bọ́dà pa. Àìsàn dá ìyá mi dúró sí Ayétòrò, ó ní kí n lọ ṣojú òun níbi òkú. Mo ní wọ́n ti bọ́dà. Òótọ́ ni, wọ́n ti bọ́dà, ṣùgbọ́n èyin náà tí ẹ ń gbé ẹkùn yìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà oko kò ní géètì. Ìrẹsì ń kọjá. Èmi ni mi ò lè kọjá. Nígbà tí wọ́n tún ṣí Ìdìrókò ní oṣù kẹrin ọdún 2022, mi ò ní àwáwí mọ́, síbẹ̀ mi ò lọ. Ojú ń tì mí. Bí ìtìjú bá pẹ́ lára, ó máa ń dà bí ìgbàgbé.

Ṣùgbọ́n owó atọ́nà kì í ṣe kékeré, mo sì gbà á. Mo sọ fún ara mi pé Àjàṣẹ́ tóbi.

A gba Ọ̀wọdé, a gba Ajílété, a kan Ìdìrókò. Okùn tí wọ́n ta sójú ọ̀nà pọ̀ ju igi àgbọn lọ, Gbajúmọ̀ sì ń na owó jáde lójú fèrèsé bí ẹni ń náwó fún onílù. Ní bọ́dà, wọ́n lu ìwé wa ní òǹtẹ̀, wọ́n ń pè é ní “ọ̀gá”, wọ́n ń pe èmi ní “ìwọ”. Mo wo ilẹ̀ tí a tẹ̀ kọjá. Erùpẹ̀ pupa kan náà ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé, tí wọ́n pín wa: Ìlaròó bọ́ sápá Gẹ̀ẹ́sì, Kétu àti Àjàṣẹ́ bọ́ sápá Faransé. Kò sí ẹni tó bi àwọn ìyá ìyá wa léèrè. A ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà ní Ìgólò, kò sì pẹ́ tí a fi wọ ìlú.

Mọ́ṣáláṣí ńlá ni mo kọ́kọ́ mú un lọ. Ní ọdún 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí ló sì fi ọgbọ́n ìkọ́lé tí wọ́n kó bọ̀ láti Bahia kọ́ ọ. Ẹni tí kò mọ̀ á bọ́ fìlà, á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni: ilé ìṣọ́ méjì níwájú, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe lára ògiri, ọ̀dà aláràbarà. Gbajúmọ̀ dúró, ẹnu rẹ̀ là. “Salvador nìyí! Salvador gan-an nìyí!” Ó ya fọ́tò títí fóònù fi gbóná. A wo ààfin Ọba Toffa, ẹni tó jọba láti 1874 sí 1908. A wo ilé àwọn da Silva. A rí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà tó ti ń wó, tí igi ọdán ti hù láàárín bíríkì wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ó ń wò yíká. Ó ní, “Àwọn obìnrin aláṣọ funfun dà?”

Mo ní, “Àwọn wo?”

“Àwọn alákàrà.”

Mo fi ìyá kan hàn án lábẹ́ igi, tó ró ìró, tó wọ bùbá tó ti ṣá, tó ń na ọmọ rẹ̀ tó da iyọ̀ nù. Mo ní alákàrà nìyẹn. Inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó retí pé kí wọ́n ti máa fi ìlẹ̀kẹ̀ dúró de òun.

Ó wá bi mí bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí tó lè gbà wá lálejò díẹ̀, kí oòrùn tó rọlẹ̀. Mo ní, “Rárá o.” Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù lẹ́nu mi tí bàbá kan tó ń lẹ táyà létí ọ̀nà fi gbójú sókè, tó ní, “Ọmọ Ìyá Ayétòrò kọ́ nìyí? Ìyá ńbẹ nílé o!”

Gbajúmọ̀ wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ó kan rọra tẹ̀ lé bàbá náà, èmi sì gbé kúlà tẹ̀ lé wọn bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Ojú Ìyá ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n sọ fún un pé ọmọ àbúrò rẹ̀ láti Ìlaròó ti dé, ó dìde lórí àpótí, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì di ẹni tó wà níwájú mọ́ra. Gbajúmọ̀ ló wà níwájú.

“Ìwọ rèé! Ìwọ rèé! Wọ́n ní bọ́dà ni. Èmi náà sọ fún àwọn ènìyàn pé bọ́dà ni. Ẹni tó bá ní n kò bínú, irọ́ ló pa. Mo bínú o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó ti tán. O ti wá.”

Ọ̀rẹ́ mi, pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye ọrùn rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá.” Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni ó ń bá bẹ̀bẹ̀ ni tàbí ara rẹ̀, nítorí òun náà ní òkú kan tí kò wá sin nílé.

Mo gbé kúlà sílẹ̀. Mo ní, “Ìyá, èmi rèé.”

Ìyá yí ojú sí ibi tí ohùn ti wá. “Ta wá ni mo dì mọ́ra?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni. Amẹ́ríkà ló ti wá.”

“Abájọ. Ara rẹ̀ tutù bí ẹni tí wọ́n yọ jáde nínú fíríìjì.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó pè mí sún mọ́ra, ó fi ọwọ́ wá ojú mi, imú mi, irùngbọ̀n mi.

“Ṣé bọ́dà ni lóòótọ́?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni mo ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n mi ò rí irọ́ kankan pa. Mo ní, “Rárá, Ìyá. Oṣù mẹ́rin ni wọn ò tíì sanwó fún wa níbi iṣẹ́ nígbà náà. Mi ò fẹ́ wá síbi òkú lọ́wọ́ òfo.”

Ó dákẹ́. Ó ní, “Bàbá Télọ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ rí?”

Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n sin ín sí. Táìlì funfun ni wọ́n tẹ́ sí i lórí, abẹ́rẹ́ ìgbálẹ̀ àti ewé máńgòrò sì wà lórí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ gbá a. Nígbà tí mo padà wá, mo yọ owó atọ́nà náà lápò, odindi, mo fẹ́ fi lé Ìyá lọ́wọ́. Ó ti ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó ní kí n mú díẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n lọ ra àkàrà, ebi ń pa àlejò.

Wọ́n gbé e dé nínú ìwé, gbígbóná, pẹ̀lú ẹ̀kọ. Gbajúmọ̀ jókòó sórí àpótí, ó jẹ mẹ́fà, ó sì mu omi àmù Ìyá lé e. Kò ya fọ́tò ọ̀kankan. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, dírẹ́bà wá béèrè bóyá a ṣì ń lọ sí Kútọnù. Ọ̀rẹ́ mi ti sùn lórí ẹní, bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yàrá létí òkun wà lófìfo lóru náà, owó rẹ̀ sì ti wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá di búrẹ́dì gígùn mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Àjàṣẹ́, ó ní kí n gbé e fún àbúrò òun. Ní ibi okùn kan, wọ́n bi mí ohun tó wà nínú ọ̀rá. Mo ní búrẹ́dì ni. Wọ́n já ọ̀kan wò láti mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀.

Ayétòrò ni mo kọ́kọ́ yà kí n tó délé. Ìyá mi gba búrẹ́dì náà, ó yí èyí tí wọ́n ti já wò, ó sì bi mí bóyá inú bí ẹ̀gbọ́n òun.

Mo ní, “Ó bí i.”

Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó sì ní kí n gbé tíì wá.